Pálétì irin tí ẹ ń dè mọ́ abẹ́ háíbíríìdì yín, èmi ò fara mọ́ ọn o

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba torí ó ti ń pọ̀ jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni háíbíríìdì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀, ti ń kún ìgboro wa, Prius lọ́tùn-ún, Camry lósì, Lexus RX, Highlander, ẹ ṣáà dúró lẹ́bàá íńtáséénjì Ṣágámù díẹ̀ ẹ ó rí wọn. Mi ò sọ pé ó burú, ọkọ̀ tó ń fi bátìrì rìn nínú gósílò, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á kú fúnra ẹ̀ tá á tún jí fúnra ẹ̀, ta ni ò ní fẹ́ ẹ, ká má wá sọ àwa Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé ní a mọ owó ṣọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti rà á, kò ní pẹ́ tí mẹkáníìkì ẹ̀ á fi sọ fún un pé "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí sún mọ́lẹ̀ jù, ẹ jẹ́ ká gbé pálétì irin sí i lábẹ́", ọ̀gá á ní ó dáa, wẹ́dà á gé irin, ó parí. Ibẹ̀ yẹn gan-an lèmi ti fẹ́ bá yín jiyàn.

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ yẹn sún mọ́lẹ̀. Prius tó jáde láàárín 2010 sí 2015, àyè tó wà láàárín abẹ́ ẹ̀ àti ilẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, ẹ wá gbé ìyẹn gba ọ̀nà abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú Igbó tí àgbàrá ti gbẹ́ àárín ẹ̀, ẹ kó èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ tún ju àpò gàrí sí búùtù, ẹ ó gbọ́ "gbàà" dandan. Nítorí náà mi ò bá ẹni tó fẹ́ dáàbò bo abẹ́ ọkọ̀ ẹ̀ jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé òkúta nìkan kọ́ ló ń ba abẹ́ háíbíríìdì jẹ́. Omi wà níbẹ̀, ooru wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì yìí kì í pariwo bíi ti òkúta, ìgbà tí iná bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ máa tó mọ̀. Pálétì tó bá lé òkúta padà tó wá ti omi àti ooru mọ́ inú, kí la wá rí rà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀hún ná. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́ kí wọ́n fi irin bo gbogbo abẹ́ Prius wọn, láti bọ́ńpà iwájú dé búùtù, wọ́n ní torí bátìrì ńlá yẹn ni, pé bí òkúta bá lù ú pẹ́nrẹ́n, ó ti tán. Mo ní "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀yìn yìí", mo fi ihò tó ní gíríìlì hàn wọ́n, ibẹ̀ ni fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ láti fi mú bátìrì náà tutù. Bátìrì Prius wọn wà lẹ́yìn àga ẹ̀yìn, nínú ọkọ̀ níbẹ̀, kò sí lábẹ́ rárá. Ti Highlander àti RX wà lábẹ́ àga kejì, inú ọkọ̀ ni tiwọn náà wà. Ohun tó lè ṣe é léṣe jù ni kí ẹrù tàbí eruku dí ihò yẹn, ìyẹn ò sì kan wẹ́dà. Àwọn tó gbé bátìrì sábẹ́ gan-an ni irú Mitsubishi Outlander tí wọ́n ń fi wáyà chájì nílé, ti ìyẹn wà lábẹ́ fúlọ́ọ̀ láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, ẹni tó bá lọ gbé dírílì gbẹ́ ihò síbẹ̀ torí pálétì, kó yáa mọ ohun tó ń ṣe o.

Ohun tó wà lábẹ́ Prius ni súmpù ọ́ìlì, gíábọ́ọ̀sì, ẹ̀sọ́ọ̀sì pẹ̀lú katalíìsì tó ń fọ èéfín ẹ́ńjìnnì mọ́, páìpù epo, páìpù bíréèkì, àti wáyà aláwọ̀ ọsàn tó gba abẹ́ fúlọ́ọ̀ láti ẹ̀yìn lọ bá ínfátà tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tò níwájú. Wáyà ọlọ́sàn yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Bátìrì Prius 2004 sí 2009 jẹ́ fóòtì (volt) 201.6, ínfátà lè gbé iná yẹn dé 500, kì í ṣe ẹgbẹ́ bátìrì fóòtì 12 tí rewáyà ń fi ọwọ́ lásán dì mú. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti fi nǹkan bò ó, wọ́n sì gbé e gba ibi tí nǹkan ò ti ní tètè kàn án, torí náà kò béèrè irin lọ́wọ́ wa. Ìdí tún nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé kí wẹ́dà má jó ohunkóhun mọ́ ara ọkọ̀ yín ní tààrà. Iná tó fi ń jórin máa ń gba ara ọkọ̀ kọjá, ó lè ba kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ jẹ́, kọ̀ǹpútà háíbíríìdì sì pọ̀ ju ti Corolla bàbá yín lọ. Kó gé pálétì ẹ̀ sílẹ̀, kó fi bóòtù dè é sí ihò tí kọ́ńpìnnì ti lù sára fúrémù iwájú. Èyí tó bá ní òun ò lè ṣe é láìjó o mọ́ ọn, ẹ bá a sọ pé ó dàbọ̀.

Ó di orí ooru. Háíbíríìdì kì í ṣe rédíétọ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan ló ní, ínfátà ní kúláǹtì (omi tó ń mú un tutù) tiẹ̀, ó ní pọ́ọ̀mpù tiẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá gba gíríìlì iwájú wọlé gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde lábẹ́. Katalíìsì nìkan, ooru ẹ̀ ń lọ sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan digíríì. Ẹ wá fi irin pẹlẹbẹ tí ò ní ihò kankan dí gbogbo ẹ̀ pa, ìyẹn dà bí ẹni tó wọ agbádá mẹ́ta lérí ara wọn lọ́jọ́ Ojúde Ọba tó wá ń bèèrè ìdí tí òógùn fi bo òun. Pálétì tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ máa ń ní ojú ihò gbọọrọ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè jáde kí òkúta má lè wọlé, ó sì máa ń fi ihò sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú ọ́ìlì, torí bí kò bá sí ihò yẹn, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ ó máa tú pálétì, mẹkáníìkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé bóòtù ọ̀kan lónìí, méjì lọ́la, títí pálétì á fi máa wọ́lẹ̀ lórí títì.

Ọ̀rọ̀ omi ló wá ń dùn mí jù. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń tú pálétì irin lábẹ́ Camry háíbíríìdì kan ní ọgbà mẹkáníìkì lọ́nà Ìlíṣàn, lẹ́yìn tí òjò ti dá. Orí àwọn bóòtù ti dípẹtà débi pé sípánà ń yọ̀ lórí wọn, ó di pé kí wọ́n máa fi òòlù gbá wọn, kí wọ́n tún gé wọn. Ìgbà tí èyí tó gbẹ̀yìn bọ́, pálétì jábọ́, ó sì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ẹrẹ̀ pupa ló kún orí ẹ̀, ewé gbígbẹ wà nínú ẹ̀, èèpo ẹ̀kùrọ́, náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà, abẹ́ ẹrẹ̀ yẹn ṣì tutù rinrin bí ẹni pé òjò ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ láàárọ̀. Fúrémù tó fara ti ibẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo igi. Òkúta kankan ò tíì kan ọkọ̀ yẹn o! Kò sójú ibi tó ti fọ́, kò sí ibi tó ti tẹ̀. Omi tó jókòó sínú pálétì tí wọ́n ní kó gbà á là ló ń jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó wá RAV4 háíbíríìdì tó jáde láti 2019 wò. Èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà nínú wọn ní mọ́tò iná lẹ́yìn, wáyà ọlọ́sàn sì lọ bá mọ́tò yẹn lábẹ́. Omi àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín lókè òkun lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orí wáyà náà níbi tó ti so, pàápàá ní Kánádà, àwọn tó ni ọkọ̀ pariwo títí wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ náà ní Cablegate, Toyota sì padà fi kún ọdún gàráńtì ẹ̀. Ọkọ̀ olówó ńlá, wáyà olówó ńlá, omi iyọ̀ lásán. Àwọn ọkọ̀ yẹn ló máa di tòkunbọ̀ tá a máa rà lọ́la, torí náà ẹ kàn fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò.

Èyí ló wá gbé mi dé orí àwọn tó ń fọ́n rọ́bà dúdú tàbí ọ̀dà sábẹ́ ọkọ̀. Tó bá jẹ́ pé irin mímọ́ tó gbẹ ni wọ́n fọ́n ọn sí, ó dáa, ó ń gba òkò wẹ́wẹ́, ó tún ń dín ariwo kù. Àmọ́ bí ìpẹtà bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣe lẹ fi ọ̀dà bo omi mọ́lẹ̀, á máa jẹun lọ lábẹ́ ibẹ̀ ẹ ò ní rí i. Tòkunbọ̀ tó ti ọ̀nà Michigan, Ohio tàbí New York wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì, òmíràn wà tí wọ́n ti kun abẹ́ ẹ̀ dúdú kirikiri kí ẹ tó rí i, ó ń dán, ọkàn yín á balẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó balẹ̀. Ẹ fi ìdí sikurudiráfà gbá ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irin tó dáa á dún, èyí tó ti jẹrà á dáhùn gbúgbú. Èyí tí wọ́n fi òróró àti ìda ṣe ni mo fẹ́ràn jù, kì í gbẹ pátápátá, ó ń wọnú kọ̀rọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ máa tún un fọ́n. Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ sọ fún ẹni tó ń fọ́n ọn kó yẹra fún orí wáyà ọlọ́sàn, ẹ̀sọ́ọ̀sì àti bíréèkì.

Ẹ gbọ́, irin ni àbí àlùmíníọ̀mù? Èmi, àlùmíníọ̀mù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: pálétì tó gùn ní mítà kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, tó bá jẹ́ irin mìlímítà 2, ó lé ní kílò 12. Àwọn wẹ́dà wa kì í sì í gbà láti lo mìlímítà 2, wọ́n á ní "kò ní lágbára, ọ̀gá", wọ́n á gbé mìlímítà 3 sí i, ìyẹn súnmọ́ kílò 19. Àlùmíníọ̀mù mìlímítà 4 tó gbòòrò bákan náà ò tó kílò 9, kì í dípẹtà bí irin, ooru sì ń tètè kúrò lára ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ra háíbíríìdì torí epo, ẹ ò wá lè máa gbé irin kiri bí ẹni tó ń lọ tà á fún oníkọ́ńdẹ́ḿdì. Àlébù ẹ̀ ni pé ó wọ́n ju irin lọ, ó ń tẹ̀ tí òkúta ńlá bá gbá a, tó bá sì fara kan irin níhòòhò tí omi wà láàárín wọn, àlùmíníọ̀mù ni ìpẹtà máa jẹ nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n fi wáṣà rọ́bà sáàárín ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ẹ má sì ju pílásítíìkì tó bá ọkọ̀ wá nù. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì máa ń tú u dànù pé kò wúlò, òmíràn á kàn fi táì dúdú so ó mọ́lẹ̀ bí ẹrù ọjà. Pílásítíìkì yẹn ló ń darí afẹ́fẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, ara ohun tó jẹ́ kí Prius máa la afẹ́fẹ́ kọjá wẹ́rẹ́ tí epo ẹ̀ fi ń pẹ́ nìyẹn, òun ló sì ń gba omi àti eruku sìmẹ́ńtì tí àwọn tírélà ń dà sílẹ̀ ní apá Ṣágámù. Kílíìpù ẹ̀ ò wọ́n, ẹ ra gbogbo ẹ̀ pé.

Àwọn kan ní tiwọn ń ra pálétì torí olè katalíìsì. Lóòótọ́, ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Ọba, katalíìsì Prius ti pe olè wá gan-an torí àwọn irin olówó iyebíye tó wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ń ta ìbòrí tí wọ́n ṣe fún un. Àmọ́ níbí, ẹ wò ó, ọgbà mẹkáníìkì gan-an ni tòmíràn ti ń pòórá nígbà tí ọlọ́kọ̀ bá lọ jẹun. Pálétì wo ló fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó ni sípánà? Ẹ jókòó ti ọkọ̀ yín.

Tó bá jẹ́ èmi, kí n tó ra pálétì rárá, màá kọ́kọ́ wo sípíríìnì àti ṣọ́ọ̀kì. Tòkunbọ̀ tí sípíríìnì ẹ̀ ti rẹ̀, ó ti lọlẹ̀ ná kó tó dé ọwọ́ yín, pálétì á tún fi kún ẹrù ẹ̀. Ẹni tó ń lo Highlander tàbí RX tí kì í kúrò lórí títì Ìjẹ̀bú Òde sí Ṣágámù, kó ra kílíìpù kó sinmi. Ẹni tó ń fi Prius lọ oko, àlùmíníọ̀mù abẹ́ ẹ́ńjìnnì nìkan, kó máa tú u fọ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ̀gbọ́n mi ará Ìkẹ́nnẹ́ ti gbà báyìí, a kàn ń wá ẹni tó lè tẹ àlùmíníọ̀mù dáadáa láàárín Ìpẹ́rù sí Ìjẹ̀bú Òde ni, tó ní suúrù láti lu ihò afẹ́fẹ́ sí i. Ẹni tó bá mọ irú ẹ̀, kó júwe ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fún mi o, wọ́n fẹ́ kó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ kí Ìléyá tó dé.