Ẹ Jẹ́ Kí N Fẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Mi Wọlé

Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré! Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré níwájú ilé tí mò ń gbé ló sọ mí di ẹrù tí wọ́n ń gbé wọlé gbé jáde, èmi tí mò ń ránṣọ jẹun, tí n kì í jẹ onílé ní gbèsè.

Láti ìgbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti mú ẹsẹ̀ mi ni mo ti wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Mò ń dáná fúnra mi, mò ń fọṣọ fúnra mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ bàbá onílé: kí wọ́n jẹ́ kí n pe bíríkìlà, kó da kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà, kí kẹ̀kẹ́ mi lè máa gbà á wọlé. Owó ara mi ni n óò fi ṣe é o! Wọ́n ní rárá, yóò ba ilé àwọn jẹ́. Wọ́n ní tí mo bá kó jáde, ta ni yóò gba ilé tó ní "ọ̀nà arọ" níwájú? Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ọmọkùnrin àdúgbò kí wọ́n máa gbé mi.

Kí wọ́n máa gbé mi. Èmi ìyá ọlọ́mọ méjì. Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí kí ọmọ tí ẹ lè bí máa ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan yín lójoojúmọ́, torí pé ẹ fẹ́ lọ ra ata? Tí wọn ò bá sì sí nílé, ìta ni òjò ti máa ń pa mí, níwájú ilé tí mo sanwó rẹ̀.

Bíríkìlà tí mo mú wá wo ibẹ̀ náà tún dá kún un. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ga ní ínǹṣì 7, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 21. Kí kẹ̀kẹ́ arọ tó lè gùn ún láìséwu, gíga ínǹṣì kan ń gba gígùn ínǹṣì 12, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ bàtà 21 ni kọnkéré náà gbọ́dọ̀ gùn. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ní ẹsẹ̀ bàtà 6 ti tó, bíi ti èyí tí mọ́tò ń gbà kọjá lórí gọ́tà. Tí mo bá yí taya lórí nǹkan tó ga bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni n óò fi lulẹ̀!

Balùwẹ̀ wá ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ mi fẹ̀ ní ínǹṣì 25, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ò ju 24 lọ. Torí ínǹṣì kan, mò ń fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níta, mò ń wọ́ ìdí nílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù lọ tọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ́ kó há jù nínú ilé, tí ti pálọ̀ tí àlejò ń gbà wọlé á sì fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ààfin? Irin tí n óò máa dì mú lára ògiri pàápàá, wọn ò gbà kí n kàn án.

Ẹ má sọ fún mi pé òfin wà. Mo mọ̀. Oṣù Kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin àwa àkàndá ẹ̀dá, wọ́n sì fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣàtúnṣe kí àwa náà lè máa ráyè wọlé. Ọdún 5 ti pé láti 2024, báǹkì àdúgbò wa ṣì ń fi àtẹ̀gùn pàdé mi. Èmi ò tilẹ̀ gbé ní báǹkì. Inú ilé yìí ni mò ń sùn, inú rẹ̀ ni mo ti ń jí.

Lọ́la, n óò tún lọ bá bàbá. N óò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sórí kẹ̀kẹ́ yìí, kí wọ́n wá fi wọ balùwẹ̀ ilé wọn kí n rí i.