Ó Yẹ Kí Ìjọba Gba Ògbufọ̀ Síṣẹ́ ní Àgbádárìgì

Lọ́jọ́ ọjà ní Agbalátà, ẹni tó bá dúró díẹ̀ á gbọ́ Ògù tí àwọn kan ń pè ní Ègùn, á gbọ́ Yorùbá, á gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tó ti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin wá, á gbọ́ Haúsá àti pìjìn. Bí ìyá ọlọ́jà kò bá gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ, yóò ké sí ẹnìkan tó gbọ́ èdè méjèèjì, ọ̀rọ̀ á yanjú, kálukú á bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wọn túmọ̀ kò gba kọ́bọ̀, kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kúrò lórí iye tí wọ́n ń ta ata, tó di ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹ̀sùn ọlọ́pàá, ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ẹrù tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbà lẹ́nubodè Sẹ̀mẹ̀, kò tọ́ kí a ṣì máa wojú ẹni tí yóò ṣàánú wa. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn kaǹsù tó wà ní Àgbádárìgì gba ògbufọ̀ síṣẹ́, kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, kí wọ́n sì máa san owó oṣù fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọsibítù bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Ìyá àgbà kan láti etí ọ̀sà, tó jẹ́ pé èdè Ògù ló fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀, dé iwájú nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Ògù. Ta ni yóò túmọ̀? Ọmọ-ọmọ tó mú un wá ni, bóyá ọmọ ọdún méjìlá. Nọ́ọ̀sì ní kó bi ìyá àgbà bóyá ẹ̀jẹ̀ ń wá lójú ara rẹ̀. Ọmọ náà tijú, kò mọ bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀. Ìyá àgbà pàápàá kò ní sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ létí. Yóò ní rárá, ohun tí nọ́ọ̀sì yóò sì kọ sínú fáìlì nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti mú òbí lọ sí ọsibítù tí wọn kò ti gbọ́ èdè rẹ̀ mọ̀ pé kò sí àsọdùn nínú èyí. Nọ́ọ̀sì kò jẹ̀bi, ọmọ kò jẹ̀bi. Àwa àgbà la gbé iṣẹ́ àgbà lé ọmọdé lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní, Ògù wo ló wà ní Àgbádárìgì tí kò gbọ́ Yorùbá? Àwa Yorùbá la sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn fún wa láti sọ. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ Ògù gbọ́ Yorùbá, ju bí àwa ṣe gbọ́ tiwọn lọ fíìfíì. Mélòó nínú wa tó ti pẹ́ ní ìlú yìí ló lè kí ará ilé kejì ní èdè Ògù, kó sì rí ọ̀rọ̀ sọ lẹ́yìn ìkíni? Yorùbá tí èèyàn fi ń nájà kò tó láti fi júwe ibi tí ara ti ń dùn ún, kò sì tó láti fi rojọ́ níwájú adájọ́ nígbà tí àyà bá ń já. Bí ìpáyà bá dé, èdè tí ìyá ẹni fi rẹ ẹni lẹ́kún ló ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu.

Àgbádárìgì ló yẹ kó mọ iyì iṣẹ́ yìí jù. Lọ́dún 1842 tí Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé, tí wọ́n wàásù lábẹ́ igi Agíà, William de Graft láti Góòlù Kóòsì, ìyẹn Gánà òde òní, ló bá a wá, òun náà ló sì dúró ti iṣẹ́ náà nígbà tí Freeman lọ. Ní oṣù Kíní ọdún 1845, àwọn míṣọ́nnárì mìíràn, Henry Townsend, Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther, gúnlẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ikú Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, dá wọn dúró títí di 1846. Crowther yìí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, ti bá àwọn òyìnbó rin ìrìn-àjò odò Ọya ti 1841 kó tó di àlùfáà, iṣẹ́ èdè ló sì gba èyí tó pọ̀ nínú ayé rẹ̀. Bí àlejò bá wá lónìí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 la ó mú un lọ wò, a ó fi ibi tí igi Agíà wà tẹ́lẹ̀ hàn án. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó dúró láàárín oníwàásù àti ará ìlú, tí wọ́n ń gbọ́ tọ̀tún tí wọ́n ń sọ fún tòsì, ta ló ń dárúkọ wọn?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa o: gbígbọ́ èdè púpọ̀ nìkan kò sọ èèyàn di ẹni rere. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti ta ọmọ èèyàn, òwò náà kò sì lè rìn láìsí ẹni tó ń túmọ̀ fún olùtà àti olùrà. Ní ilé Sẹ̀ríkí Abass, níbi tí àlejò ti ń wo yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ẹrú sí, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Abass fúnra rẹ̀, ọmọkùnrin tí wọ́n tà lẹ́rú dé Bùràsíìlì, tó kọ́ èdè òyìnbó, ló padà wá di alágbàtà òwò ẹrú. Ìdí rèé tí a kò fi fara mọ́ ọn kí ẹni tó bá ṣáà ti gbọ́ èdè jókòó sí kóòtù. Ẹyin lohùn. Bí ògbufọ̀ bá sọ “a jọ jà ni” di “mo lù ú”, ẹjọ́ ti yí nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ búra. Ó gbọ́dọ̀ mọ àṣírí aláìsàn pa mọ́. Kò gbọ́dọ̀ gbowó ẹ̀yìn. Ẹni tí ìjọba kò sì sanwó fún, báwo ni ìjọba ṣe fẹ́ bi í léèrè?

Ìwé òfin ọdún 1999 kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 35 ní láàárín wákàtí 24, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú èèyàn sílẹ̀ fún un, ní èdè tó yé e. Abala 36 ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè kóòtù, lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Bí ẹni tó lè lọ sẹ́wọ̀n bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kí ló dé tí aláìsàn tó lè kú kò ní í?

Àwọn ará ibí ti ń ṣe ti wọn tipẹ́ láti jọ wà pọ̀, láìka èdè àti ààlà sí. Láti ọdún 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fọwọ́ sí ààlà, ẹbí kan náà wà ní Àgbádárìgì, ó wà ní Àjàṣẹ́. Odù 256 tí babaláwo Yorùbá ń kì náà ni Ògù ń kì nínú Fá tiwọn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá lọ́dún 2008, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò ni wọ́n fi kọ ọ́. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020, ọjà dákẹ́, ṣùgbọ́n àna kò tú, ẹbí kò tú.

Lọ́dún 2018, ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin pé kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gírámà. Inú wa dùn sí i, ó ṣì ń dùn. Ohun tí a fẹ́ fún èdè wa, ó yẹ ká fẹ́ ẹ fún èdè àwọn tí a jọ ń gbé. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọdé. A lòdì sí i. Ọmọ Ògù tí kò bá kọ́ Ògù dáadáa lónìí, ibo la ó ti rí ògbufọ̀ lọ́la?

Ọ̀nà tí a ó gbà kò jìnnà. Abúlé Èdè Faransé wà ní Àjárá láti 1991, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń wá gbé kí ẹnu wọn lè yọ̀ mọ́ Faransé. Wọ́n ní olùkọ́, wọ́n ní yàrá ẹ̀kọ́. Kí ìpínlẹ̀ Èkó bá wọn ṣàdéhùn, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Àgbádárìgì tó gbọ́ Ògù, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ní iṣẹ́ ògbufọ̀, kí wọ́n fi Faransé kún un fún àwọn tó máa lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Kí wọ́n pe àwọn ìyá ọlọ́jà tó ti ń bá èèyàn túmọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá síbẹ̀ pẹ̀lú, bí wọn kò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n wá sọ ohun tí ojú wọn ti rí. Àwọn alága kaǹsù tó wọlé nínú ìbò oṣù Keje 2025 ṣì ní àkókò lọ́wọ́. Kí wọ́n gbé owó iṣẹ́ yìí wọ ìwé ìnáwó tó kàn, kí wọ́n fi ọsibítù ṣe àkọ́kọ́, kí ẹni tó gbọ́ Ògù máa wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru.