Nítorí A ńlá kan ṣoṣo!

Ó tún ti dé o! Ìwé olójú ewé 212 ni mo tò lórí kọ̀ǹpútà, mo so táàgì kọ̀ọ̀kan (àmì tó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́, bí àkọlé) mọ́ sítáì tirẹ̀ (bí lẹ́tà ẹ̀ yóò ṣe rí), ó jókòó dáadáa. Olóòtú ní kí n tún kó fáìlì XML, ìyẹn fáìlì tó gbé ọ̀rọ̀ ìwé àti táàgì wọn, wọlé nítorí gbólóhùn kan. Gbólóhùn kan péré! Gbogbo àkọlé bá di lẹ́tà wínníwínní. Kí ló fà á? Ẹnì kan kọ "Akole" dípò "akole" sínú táàgì. Lójú XML, àwọn méjèèjì ò mọra rí láyé! Ṣé A ńlá kan ló yẹ kó gba oorun lójú mi? Àmì ohùn ńkọ́? Fọ́ǹtì (irú lẹ́tà) tó já wọlé sọ gbogbo ẹ̀ di àpótí òfìfo! Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Kí lèmi jẹ? Ó sú mi!