"Ó ti tó àsìkò kó jẹ": irọ́ tó ń kó owó atatẹ́tẹ́ lọ

Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù rí á ti gbọ́ ọ: "Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti pàdánù léraléra. Ẹ̀kẹsàn-án gbọ́dọ̀ jẹ." Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ etí ni. Ṣebí òjò kì í rọ̀ kó má dá?

Àmọ́ tẹ́tẹ́ kì í ṣe òjò.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1913, àwọn èèyàn ń ta rúlẹ́ẹ̀tì nílé tẹ́tẹ́ Monte Carlo ní orílẹ̀-èdè Monaco. Kẹ̀kẹ́ kan á máa yí, bọ́ọ̀lù kékeré kan á máa sáré lórí rẹ̀ títí á fi kó sí ihò pupa tàbí dúdú. Bọ́ọ̀lù kó sí dúdú. Ó tún kó sí dúdú. Bó ṣe ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń da owó lé pupa, nítorí lójú tiwọn, pupa ti pẹ́ jù. Ìgbà 26 ni dúdú jáde tẹ̀léra kí ó tó yà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àpò wọn ti gbẹ nígbà yẹn. Títí dòní, orúkọ ilé tẹ́tẹ́ yẹn ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń pe àṣìṣe náà.

Wọ́n ṣe bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ ń rántí. Rúlẹ́ẹ̀tì irú èyí ní ihò 37: pupa 18, dúdú 18, àti òdo kan ṣoṣo. Ní yíyí àkọ́kọ́, ìgbà 18 nínú 37 ni pupa lè jáde. Lẹ́yìn tí dúdú ti jáde nígbà 25, 18 nínú 37 náà ni. Òótọ́ ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí dúdú tò tẹ̀léra tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tó ti kọjá ti kọjá, yíyí ẹyọ kan ló kù níwájú. Òdo yẹn ló sì ń bọ́ onílé tẹ́tẹ́: bí ẹ bá kó gbogbo owó tí wọ́n fi lélẹ̀ jọ, bíi 2.7 nínú 100 ń wọ àpò rẹ̀.

Lórí fóònù, ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú nọ́ńbà jáde ló rọ́pò kẹ̀kẹ́. Kò mọ̀ pé ẹ pàdánù lánàá, kò sì sí nǹkan tó kàn án. Àwọn eré kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń dá 96 nínú 100 padà, àwọn èèyàn á sì rò pé 4 péré làwọn máa pàdánù. Ìṣirò ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà nìyẹn. Bí ẹ bá tún da gbogbo èyí tó padà sínú rẹ̀ títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ní ìpíndọ́gba, bíi 66 ló kù nínú 100 yẹn.

Ẹnìkan á ní tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá yàtọ̀, òun mọ bọ́ọ̀lù. Ó yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tó já lọ́sẹ̀ tó kọjá kò lè mú kí ẹnikẹ́ni gbá góòlù lọ́sẹ̀ yìí. Onílé sì ti yọ tirẹ̀ lára ìdíje kọ̀ọ̀kan. Bó bá yọ 5 nínú 100, ẹni tó to ìdíje mẹ́fà pọ̀ ti fi bíi 26 sílẹ̀ kí wọ́n tó fọn fèrè. "Ẹyọ kan ló já a!" ló sì burú jù, nítorí àwọn tó ṣèwádìí rí i pé kíkù díẹ̀ kó jẹ máa ń mú kó wuni láti tún ta sí i.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń fi fóònù sábẹ́ aṣọ ìbora ní aago méjì òru, kí ìyàwó rẹ̀ má bàa rí iná rẹ̀. "Jẹ́ kí n gba tèmi padà, màá sùn." Tó bá ti dé ibi irọ́ pípa àti yíyá owó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí èèyàn le ọkàn mọ́. Láti ọdún 2013 ni ìwé atọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti ka irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ àìsàn bárakú, níbi tí ọtí àti oògùn olóró wà.

Ìrànlọ́wọ́ wà. Ẹni tí tẹ́tẹ́ kò tíì di bárakú fún lè dá iye owó àti àkókò kí ó tó ṣí ápù, kó sì kà á sí owó eré tó ti ná. Ẹni tó ti di bárakú fún, kó ti ilẹ̀kùn pa ló dára: ọ̀pọ̀ ìkànnì ń gbà kí èèyàn ti ara rẹ̀ síta, àwọn báǹkì kan sì lè dí ọ̀nà owó tẹ́tẹ́. Ẹgbẹ́ Gamblers Anonymous, níbi tí àwọn atatẹ́tẹ́ ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 1957, kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má yá atatẹ́tẹ́ lówó láti fi san gbèsè tẹ́tẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kó káàdì báǹkì rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì lọ bá olùgbaninímọ̀ràn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ni kó ju owó ẹyọ sókè nígbà 100, kó máa kọ èyí tó bá hàn sílẹ̀. Níbì kan, iwájú hàn nígbà méje tẹ̀léra. Ó ní òun di owó náà mú títí, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ẹ̀yìn ló kàn.

Ó jù ú. Iwájú ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.