Ọwọ́ kọ́ ló ń gbé aṣọ kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́

Láti Kábà dé Ẹ̀gbẹ̀, gbólóhùn kan wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ nígbà tí wọ́n bá ń rán kúbùsù onípele mẹ́ta, èyí tí fóòmù pẹlẹbẹ wà láàárín ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀: “Fà á lẹ́yìn, kó lè lọ.” Ọ̀gá ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ náà á gba fúríìdọ̀mù, á sì máa sọ ọ́ fún àwọn tirẹ̀. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé aṣọ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ ti ju agbára máṣíìnì lọ, àti pé bí ọwọ́ kò bá fà á, kò ní kọjá. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Eyín máṣíìnì ló ń gbé aṣọ lọ, ìyẹn àwọn irin wẹ́wẹ́ tó rí bí ẹnu ayùn lábẹ́ fúùtù, irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Wọ́n á yọ sókè, wọ́n á gbé aṣọ sẹ́yìn, wọ́n á rì sísàlẹ̀, wọ́n á sì padà síwájú láìfara kan aṣọ, kí wọ́n tó tún yọ. Allen B. Wilson, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí ìlànà onígbésẹ̀ mẹ́rin yìí ní 1854, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn máṣíìnì dúdú tí a ń lò, ìbáà ṣe Singer tàbí Butterfly, ṣì dúró lé títí di òní. Ohun tó yẹ kí aránṣọ fi sọ́kàn ni pé ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ti jáde kúrò nínú aṣọ ni eyín ń gbé e. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀, ṣe ni aṣọ gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Máṣíìnì mọ àkókò méjèèjì yìí yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fa aṣọ lẹ́yìn kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí a bá fa aṣọ nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á tẹ̀ sẹ́yìn. Títẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí ti tó láti mú kí ìkọ́ tó wà nísàlẹ̀ má bá òwú pàdé, ìyẹn ló sì ń fà á tí máṣíìnì fi ń fo àwọn ibì kan láìrán an. Bí ó bá tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á gbá etí ihò irin tó ń wọ̀, á sì ṣẹ́, tàbí kí ó ha etí ihò náà títí tí yóò fi rí págunpàgun tí yóò sì máa já òwú. Ọ̀pọ̀ òwú tí a ti bú pé kò dára kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Kí ló wá ń dá aṣọ dúró? Ìwúwo rẹ̀ ni, kì í ṣe nínípọn rẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ ń rán lọ́wọ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìyókù kúbùsù náà ti wálẹ̀ ní apá òsì àti ní ẹ̀yìn tábìlì, ó ń fa ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, eyín kékeré wọ̀nyẹn á sì máa bá a du ú. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dájú, kí ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kan gbé apá tó wálẹ̀ yẹn sókè kí ó bá ojú máṣíìnì dọ́gba, kí òun sì máa rán lọ láìfà á. Máṣíìnì tó ń kérora tẹ́lẹ̀ á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. A kò lè sọ ọmọ iṣẹ́ di òpó ṣá, nítorí náà ẹni tó ní tábìlì máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kí ó ṣí pákó apá òsì rẹ̀, kí ó fi tábìlì mìíràn tàbí àpótí tó ga bákan náà kún un, kí ó sì sún máṣíìnì mọ́ ògiri, kí aṣọ má baà rí ibi já bọ́ sí lẹ́yìn. Èyí tó wà níwájú, kí ó ká a jọ sórí itan, títí dé àyà bó bá pọ̀, kí ó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀ràn yìí tún le fún ẹni tó ń lo máṣíìnì ọlọ́wọ́, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lára kẹ̀kẹ́, òsì nìkan ló kù fún aṣọ.

Lẹ́yìn ìwúwo, fúùtù ló kàn. Bí ó bá ń tẹ aṣọ jù, eyín á máa gbé ìpele ìsàlẹ̀ lọ, fúùtù á sì máa dá ti òkè dúró, nígbà tí a bá fi dé ìparí, ojú aṣọ á ti kó jọ, á sì gùn ju ẹ̀yìn lọ, a ó wá máa sọ pé ẹni tó gé e ni kò gé e dáadáa. Ìdè kan wà lórí ọ̀pá tó gbé fúùtù dání. Yíyí i sí òsì máa ń dín agbára títẹ̀ rẹ̀ kù. Fúùtù kan tún wà tó ní eyín tirẹ̀ lábẹ́, tí apá rẹ̀ máa ń kọ́ ìdè abẹ́rẹ́, kí ìpele òkè lè máa bá ti ìsàlẹ̀ rìn. Walking foot ni orúkọ tí wọ́n ń fi tà á. Ẹni tí kò bá rí i rà, kí ó fi òwú lalẹ̀, ìyẹn òwú tí a máa tú kúrò tó bá yá, mú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan síra wọn, kí ó lo abẹ́rẹ́ 16, kí ó sì jẹ́ kí ojú ìránwọ̀ gùn díẹ̀, bí ìránwọ̀ 8 nínú ínṣì kan.

Ti pọ́dà àti epo tí àwọn kan ń fi pa ojú máṣíìnì kí aṣọ lè máa yọ̀ lọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: epo á yí aṣọ oníbàárà, pọ́dà á sì bá èérí òwú dì mọ́ abẹ́ eyín. Fífi aṣọ gbígbẹ nu ojú irin náà, kí a sì gbọn èérí abẹ́ eyín dànù, ti tó.

Ibì kan wà tí ọwọ́ ti ń darí aṣọ lóòótọ́. Bí a bá fẹ́ rán òdòdó tàbí ìlà wíwọ́ káàkiri ojú kúbùsù, a máa ń rẹ eyín sílẹ̀, tàbí kí a yí gígùn ìránwọ̀ sí òdo bí máṣíìnì náà kò bá ní ohun tí a fi ń rẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ onírọ́bà àti ìwé yíyọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sójú máṣíìnì ti wúlò. Ẹni tó bá tẹ́ ìwé náà bo eyín tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ìwé ni eyín á máa gbé lọ. Ọwọ́ tún ṣe pàtàkì fún léèsì àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń súnkì, ṣùgbọ́n ńṣe là ń dì í mú níwájú àti lẹ́yìn lọ́gbọọgba, a kì í fà á. Mo rò pé láti orí irú aṣọ yẹn ni àṣà fífà ti ṣí wá sórí kúbùsù.

Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ní Bùnú ń hun kò gbà kí a kánjú rárá, nítorí òwú rẹ̀ kì í dọ́gba, ẹnu fúùtù sì lè máa kọ́ ọ. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ tí ańkárá wà lókè, eyín á dì í mú dáadáa, ańkárá ni yóò máa ṣẹ́yìn, kí òwú lalẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ra sí i. Bí kíjìpá bá jẹ́ ojú, kí a tún tú ìdè fúùtù díẹ̀ sí i, kí a sì dán an wò lórí àjákù tó ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí a tó gbé odindi rẹ̀ sórí máṣíìnì.