Ẹ Fojú Díwọ̀n Ẹ̀, Màmá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé ní Abuja yìí, ẹ gbọ́ mi o. Ara mi ò gbà á mọ́. Àná ni mo tún lọ ra oògùn aràn fún adìẹ kan, adìẹ kan péré o, ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran ní Kubwa níbí. Owó tí mo kó lọ tán. Oògùn tí mo kó bọ̀ tó adìẹ gbogbo àdúgbò. Èyí tí màá fún adìẹ tó ń ṣàìsàn nílé, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Adìẹ á máa jẹun, síbẹ̀ á máa rù. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ bọ abẹ́ àyà ẹ̀, egungun ṣóńṣó lẹ máa bá, ẹran ti lọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ogbe tó pupa fòò tẹ́lẹ̀ á ṣá. Apá á wọ́ nílẹ̀, á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á máa tòògbé lọ́sàn-án gangan. Àgbébọ̀ dúdú mi yìí, látìgbà tí owó kíréètì ẹyin ti kọjá agbára wa, ẹyin ẹ̀ làwọn ọmọ mi fi ń jẹ búrẹ́dì kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Òun náà ló sàba tó fi pa àwọn ọmọ tó kún ẹ̀yìnkùlé wa. Ó wá dáwọ́ ẹyin yíyé dúró. Mo ń ṣọ́ ìgbẹ́ ẹ̀, torí mo ti fura. Láàárọ̀ àná mo rí i: aràn funfun kan, ó gùn ju ìka àárín mi lọ, ara ẹ̀ ń dán, orí àti ìdí ẹ̀ rí ṣóńṣó, ó ṣì ń lọ́ra nínú ìgbẹ́ olómi. Mo fi igi dà á sínú ọ̀rá, mo so ó pinpin, mo gbé e lọ fún ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n ò tiẹ̀ wo ọ̀rá náà!

Mo dé ibẹ̀, ọ̀gá kan tó ń sin adìẹ òyìnbó wà níwájú mi, wọ́n ń kó páálí sínú bùùtù ọkọ̀ ẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo dúró. Wọ́n parí tirẹ̀, wọ́n tún bá a ṣàwàdà. Mo ṣì dúró. Nígbà tó yá ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní káńtà wá rántí pé èèyàn lèmi náà. Ọmọ Yorùbá ni, ó kí mi dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Oògùn aràn adìẹ ni. Mo gbé aràn ọ̀hún wá, wò ó."

"Adìẹ mélòó, Màmá?"

"Ọ̀kan."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú sẹ́yìn wo ẹnì kejì ẹ̀, ìyẹn náà rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sókè, ó fa ọ̀rá oògùn kan yọ, ó jù ú sórí káńtà. Mo kà á. Oxytetracycline! Mo ní, "Ọmọ mi, apakòkòrò bakitéríà lèyí, aràn ni mo ní kó o wò." Ó ní, "Ó ń ṣe gbogbo ẹ̀, Màmá. Òun là ń tà fún gbogbo èèyàn."

Òun là ń tà fún gbogbo èèyàn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Kò sí oxytetracycline tó ń pa aràn lágbáyé yìí. Kòkòrò bakitéríà nìkan ló wà fún. Wọ́n ń tà á fún aràn, wọ́n ń tà á fún ikọ́, wọ́n tún ń tà á fún lúkúlúkú, àìsàn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, tó jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, tí oògùn kankan ò sì lè wò ó sàn tó bá ti dé. Àwọn aládùúgbò mi ò tilẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, kápúsù tetracycline oníyẹ́lò àti pupa tí wọ́n ń tà fún èèyàn ni wọ́n ń tú sínú omi adìẹ. Adìẹ á mu ún, àwa á jẹ ẹyin, kòkòrò tó wà lára adìẹ àti tiwa á jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara da oògùn. Lọ́jọ́ tí ọmọ èèyàn bá wá ṣàìsàn tí apakòkòrò ò ṣiṣẹ́, a ó máa wá ẹni tó ṣe é láti ilé ìyá wa.

Mo ní mi ò ra ìyẹn. Ó gbé fítámìnì jáde. Mo ní ṣé aràn ló fẹ́ bọ́ sanra ni? Ìgbà yẹn ló tó lọ sẹ́yìn, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì gbé piperazine wá. Ẹ ṣeun. Oògùn aràn gidi. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára ẹ̀, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ náà wà lára ẹ̀, inú mi ti ń rọ̀. Mo wá yí i síwá sẹ́yìn láti wo iye tí mo máa fún un. Adìẹ 500 ni wọ́n kọ sójú ọ̀rá náà pé ó wà fún. Ibi tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n sí gan-an, orí ibẹ̀ ni wọ́n lẹ sítíkà owó mọ́. Gbogbo ojú ọ̀rá ṣófo, wọ́n ò rí ibòmíràn lẹ̀ ẹ́ mọ́ àfi orí àlàyé. Mo fi èékánná họ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bébà bá a bọ́, lẹ́tà bá bébà lọ. Ohun tó kù níbẹ̀ ni "fún lítà" àti ìlà funfun. Iye ọjọ́ tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹyin adìẹ tó bá lo oògùn náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, mi ò rí nọ́ńbà. Ẹyin tí àwọn ọmọ mi ń jẹ o!

Mo bi í pé, "Báwo ni màá ṣe wọ̀n ọ́n fún adìẹ kan?"

Ó ní, "Ẹ fojú díwọ̀n ẹ̀, Màmá."

Mo ní kí ló wí? Ó tún un sọ. Ẹ fojú díwọ̀n ẹ̀. Bíi pé iyọ̀ ọbẹ̀ ni mo wá rà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ṣé ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn ní ilé tiyín? Piperazine kì í pa aràn lójú ẹsẹ̀, ṣe ló ń mú un rọ kí ìfun lè tì í jáde láàyè. Tí ìwọ̀n ẹ̀ bá kéré, aràn á rọ díẹ̀, ara ẹ̀ á tún le, á sì dúró sínú ìfun. Nǹkan bíi mílígíráàmù 100 sí 200 ni wọ́n ń fún kílò kan adìẹ. Kí n tó kúrò nílé rárá ni mo ti gbé àgbébọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹja yìnyín lójú títì wa, ó tẹ́ ọ̀rá sórí òṣùwọ̀n ẹ̀, a gbé e lé e, kílò kan ó lé díẹ̀. Mo mọ ìwọ̀n adìẹ mi! Èmi tí mi ò lọ sí yunifásítì ìṣègùn ẹran kankan mọ ọ́n. Ẹni tó ń ta oògùn ò bi mí. Kò béèrè bóyá adìẹ ń mu omi, ó kàn ní kí n dà á sínú omi. Adìẹ tó ń ṣàìsàn wo ló ń mu omi tó pọ̀? Àwọn tí ara wọn le ló máa mu oògùn náà tán, ẹni tó ni àìsàn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Kò sì bi mí bóyá mo rí àwọn nǹkan kéékèèké funfun pẹlẹbẹ nínú ìgbẹ́. Ìyẹn, aràn mìíràn ni, èyí tí ara ẹ̀ jẹ́ abala-abala, tí òyìnbó ń pè ní tapeworm, inú èèrà àti kòkòrò ilẹ̀ tí adìẹ ń ṣà jẹ ló ti ń kó o. Piperazine ò ràn án rárá. Ká ní òun ló wà nínú adìẹ mi ńkọ́? Ṣebí wọ́n á tún gbowó mi náà ni.

Owó gan-an, ẹ jẹ́ n sọ tirẹ̀. Mo fi POS san án, ẹ̀rọ ní kò lọ, fóònù mi ní ó ti lọ. Wọ́n ní kí n dúró títí wọ́n á fi rí i. Mo jókòó lórí àpò oúnjẹ adìẹ, ìgbẹ́ àti aràn lọ́wọ́ mi, òjò ṣú. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi padà fi owó lé owó nítorí òjò tí kò tíì rọ̀.

Mo délé, mo pe dókítà ẹran kan tí ẹnì kan júwe fún mi. Ó ní òun ò lè tìtorí adìẹ kan jó epo kúrò ní Gwarinpa. Tí mo bá fẹ́ àyẹ̀wò ìgbẹ́, kí n gbé e lọ sí Gwagwalada. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Gwagwalada láti Kubwa, ẹ bá mi ṣírò owó ọkọ̀. Ó wá fi ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ kún un pé kí n pa á jẹ. Àbúrò ọkọ mi náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá onílé sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fọ aṣọ fún ìyá onílé sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti sú mi! Ajá àwọn tó ń gbé Maitama, tó bá sín lẹ́ẹ̀kan, dókítà á dé. Ajá yẹn ò yé ẹyin fún ẹnikẹ́ni rí. Tí mo bá sì pa èyí, àwọn ọmọ ẹ̀ tó ń ṣa ilẹ̀ kan náà jẹ ńkọ́? Ẹyin aràn ti wà nínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí, oṣù mélòó kan ló lè fi wà níbẹ̀ tí kò ní kú, pàápàá nígbà òjò báyìí tí ilẹ̀ ò gbẹ. Àwọn ọmọ adìẹ ló sì ń jìyà ẹ̀ ju ìyá wọn lọ. Ẹ ò lè pa gbogbo wọn jẹ tán kẹ́ ẹ ní ẹ ti wo aràn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Láti 1924 ni ibi ìwádìí àìsàn ẹran ti wà ní Vom, lókè Plateau. Wọ́n ronú kan adìẹ ìbílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àjẹsára lúkúlúkú tó ń jẹ́ I-2: ó lè fara da ooru díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ẹ̀kán kan péré sínú ojú adìẹ kan nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fún un. Ìyá àgbà tí kò mọ ìwé lè kán an. Ẹ̀kán kan, adìẹ kan. Ta ló wá sọ pé tó bá kan aràn, ó di adìẹ 500? Ẹni tó ní adìẹ 500 ní dókítà, ó ní bùùtù ọkọ̀. Àwa tá a ní mẹ́rin, márùn-ún, tá a pọ̀ ju wọ́n lọ nínú gbogbo agboolé láti ibí dé Kano, àwa ni kẹ́ ẹ ní ká fojú díwọ̀n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po oògùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ẹ dì í sí ọ̀rá adìẹ kan fún wa. Ọ̀rá kan, adìẹ kílò kan. Ẹ fi síríǹjì kékeré sínú ẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí a máa fún un lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ kọ ọjọ́ tí a tún lè jẹ ẹyin, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Gbagyi, kẹ́ ẹ sì gbé sítíkà owó yín lọ sẹ́yìn ọ̀rá. Kí ẹni tó bá wà ní káńtà wo ìgbẹ́ tí wọ́n bá gbé wá. Lọ́sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ ẹ.