Oògùn Lílò Kò Ba Orúkọ Ọlọ́run Jẹ́

Ìyá kan nínú ìjọ wa dìde lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti wo ẹ̀jẹ̀ ríru òun sàn, pé òun ti da gbogbo oògùn òun sí àkìtàn kí dókítà má baà bá Ọlọ́run pín ògo. A pariwo Halelúyà. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí apá ọ̀tún rẹ̀ fi rọ.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ẹni tó gbàdúrà tán tó tún gbé oògùn mì ti dójú ti orúkọ Olúwa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hesekáyà ọba ṣàìsàn dójú ikú, ó kọjú sí ògiri, ó gbàdúrà, ó sunkún. Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ìlérí yẹn ni Àìsáyà ní kí wọ́n mú odidi ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo náà (2 Ọba 20:7). Wòlíì tó gbé ìlérí wá náà ló júwe oògùn!

Àwọn kan á ní, Ásà ọba tó ṣàìsàn, tó wá oníṣègùn, ńkọ́? Ẹ tún ẹsẹ yẹn kà (2 Kíróníkà 16:12). Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé kò wá Olúwa, àwọn oníṣègùn nìkan ló wá.

Mi ò bú àwọn bàbá ìjọ wa tó kọ oògùn sílẹ̀ o. Nígbà tí influẹ́nsà ọdún 1918 ń pa wọ́n nílẹ̀ yìí, kò sí oògùn kan láyé tó ń wò ó. Ìgbà náà ni Joseph Shadare, ọ̀kan nínú àwọn bàbá yẹn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kóra jọ fún àdúrà n'Íjẹ̀bú-Òde. Ká tún rántí pé ọ̀rọ̀ kan náà, oògùn, la fi ń pe ti dókítà àti èyí tí wọ́n pọfọ̀ sí. Ẹni tó ti kọ ọ̀kan sílẹ̀ nítorí Kristi, báwo ni yóò ṣe tètè gba èkejì? Títí kan kíníìnì tí àwọn míṣọ́nnárì Àpọ́sítélì láti Britain ń lò sí ibà: ó wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àtàwọn bàbá wa kí Christ Apostolic Church tó dá dúró.

Àmọ́ òfin kẹta ní ká má ṣe pe orúkọ Olúwa lásán. Ká sọ pé Ọlọ́run ti ṣe ohun tí a kò tíì yẹ̀ wò, lójú tèmi, inú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn gan-an ló wà. Jésù ní kí adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà (Lúùkù 17:14), nítorí àlùfáà ló ń yẹ ẹ̀tẹ̀ wò nígbà náà. Kò bẹ̀rù àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ara lè tutù pẹ̀sẹ̀ nítorí pé oògùn ń di àrùn náà mú, kì í ṣe pé àrùn náà ti lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ náà, kí dókítà fẹnu ara rẹ̀ ní ká dá oògùn dúró, ká tó gba máíkì.

Ìyá yẹn ti padà sórí oògùn rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbé kọ́ọ̀bù báyìí. Láràárọ̀, ó máa ń kọrin ọpẹ́ tán kó tó gbé e mì.